Ìṣísẹ̀ Méje sí Tábìlì

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya àwòrán ilé. Kì í ṣe ilé gogoro tí àwọn èèyàn máa ń dúró síwájú rẹ̀ ya fọ́tò o. Ibi tí èèyàn ti máa ń dúró kí wọ́n tó dá a lóhùn ni tèmi: ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, iwájú sportello, ìyẹn fèrèsé tí òṣìṣẹ́ ti ń dá èèyàn lóhùn, yàrá tí aláìsàn ti ń retí dókítà. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ṣe é ní Torino, ní Ítálì, mo ti ya ibi ìgbàlejò mọ́kànlá. Kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi rí. Ẹni tó bá wọ ibi tó dára kì í rántí pé ẹnì kan ló ṣe é. Ẹni tó bá wọ ibi tí kò dára ló máa ń bèèrè orúkọ ẹni tó ṣe é.

Bàbá mi kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí mò ń ṣe. Wọ́n máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní mọ́ṣáláṣí pé ọmọ àwọn ń bá àwọn òyìnbó to àga. Mi ò bá wọn jiyàn. Ọdún méje ni mo lò ní yunifásítì kí n tó lè máa to àga.

Àdúgbò San Salvario là ń gbé, ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta, lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta iṣu àti fóònù. Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi tẹ irin ilẹ̀kùn mọ́tò ní ilé iṣẹ́ kan lẹ́yìn ìlú, etí wọn ọ̀tún, tí ariwo ẹ̀rọ di, sì wà níbẹ̀ títí di òní, nítorí wọn kò gbé e padà wálé. Etí yẹn kò dun ẹnikẹ́ni nínú wa mọ́. Ojú ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí.

Dókítà ní omi inú ojú wọn ń tì í láti inú, pé ó ti ba ẹ̀yìn ojú jẹ́, àti pé èyí tó ti lọ ti lọ nìyẹn. Èyí tó kù ni kí a dì mú. Kí wọ́n máa kán oògùn sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, kí wọ́n sì máa wá fún àyẹ̀wò lóṣooṣù, nítorí pé ìyókù náà lè lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí dókítà ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mo tún un sọ fún bàbá mi ní Yorùbá, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n ní ojú òsì nìkan ló ní wàhálà díẹ̀. Díẹ̀.

Ní oṣù àkọ́kọ́, àwọn nìkan ló lọ. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi padà dé, wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní kí àwọn padà wá. Oṣù kejì, bákan náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà dé láti ilé ìwòsàn náà pé aláìsàn yìí kò yọjú lẹ́ẹ̀mejì, bí kò bá tún yọjú, wọ́n máa yọ orúkọ rẹ̀. Màmá mi gbé lẹ́tà náà síwájú mi lórí tábìlì oúnjẹ, wọ́n sì ń bu ọbẹ̀ lọ. Mo bi bàbá mi pé níbo gan-an ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ní ilé ìwòsàn ni. Òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Wọ́n ń dé ilé ìwòsàn.

Mo pe ilé ìwòsàn náà, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n fún wa ní ọjọ́ mìíràn. Lọ́jọ́ náà mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo tẹ̀ lé wọn, mo sì rí ibẹ̀ fúnra mi. Tábìlì ìgbàlejò náà ga dé àyà bàbá mi. Gíláàsì wà lórí rẹ̀ látòkè délẹ̀, wọ́n lu ihò kan sí ìsàlẹ̀ gíláàsì náà, ihò tí ẹni tó bá dúró kò lè sọ̀rọ̀ sí àfi tó bá tẹ̀ ba. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ihò ni obìnrin kan, signora bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin níbí, tó ń wo kọ́ńpútà. Wọ́n fa ìlà yẹ́lò kan sílẹ̀ pé kí aláìsàn má kọjá rẹ̀ títí wọ́n á fi pè é. Distanza di cortesia ni wọ́n ń pe ìlà bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé kí o jìnnà, ọ̀wọ̀ ni.

Ó kan bàbá mi. Wọ́n kọjá ìlà, wọ́n dúró níwájú gíláàsì, wọn kò sọ̀rọ̀. Signora náà kò gbójú kúrò lára kọ́ńpútà. Bàbá mi kò tẹ̀ ba. Ó pẹ́ díẹ̀, signora ní, "Dica," ìyẹn ni pé kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá wá. Bàbá mi panu mọ́. Ó tún un sọ, lọ́tẹ̀ yìí ó fà á gùn, ó sì gbóhùn sókè, bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Bàbá mi yíjú sí mi, wọ́n ní ó ti tó, ká máa lọ. Mo sáré ti káàdì wọn wọ inú ihò náà, mo dáhùn gbogbo ohun tó bèèrè, ọjọ́ yẹn ni dókítà rí wọn.

Nínú tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, bí a ṣe ń padà bọ̀, mo bi wọ́n ìdí tí wọn kò fi kí obìnrin náà.

"Ta ló ń sọ pé ẹ káàbọ̀," wọ́n ní, "ṣé àlejò ni àbí onílé?"

Mo ní níbí, ẹni tó wọlé ló ń kọ́kọ́ sọ buongiorno. Mo ní ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti wà níbí, ṣé wọn kò mọ̀ ni.

"Mo mọ̀. Ọdún méjìlélógún ni mo fi kí ẹni tó ń ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ wa. Ojoojúmọ́. Káàdì mi ló ń wò, kò wo ojú mi rí. Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, mo kí i pé ó dàbọ̀, ó ní kí n fi káàdì sílẹ̀. Mo ti kí wọn tó. Ẹni tó bá fẹ́ kí n wọlé òun, kó kí mi."

Wọ́n yíjú sí fèrèsé. Inú bí mi sí wọn, inú bí mi sí ẹni tó ń ṣọ́ géètì, inú bí mi sí tíráàmù náà pàápàá tó ń dúró níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀ kalẹ̀. Ojú là ń sọ, wọ́n ń sọ ìkíni. Mo bẹ̀ wọ́n kí n máa bá wọn lọ lóṣooṣù, wọ́n ní àwọn kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n ń mú lọ sí kóòtù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọ̀gá mi lọ́fíìsì gbé iṣẹ́ tuntun dé. Àgbàlagbà ará Torino ni, kì í pariwo, kì í yin èèyàn, ọ̀rọ̀ tó fẹ́ràn jù ni "vediamo", ìyẹn ni pé a máa wò ó. Ó ní ilé ìwòsàn ojú kan fẹ́ tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe, kó lè rọ aláìsàn lọ́rùn. Ó dárúkọ ibẹ̀. Ibẹ̀ náà ni. Ó bèèrè ẹni tó máa ṣe é, àwọn mẹ́ta yòókù gbójú sílẹ̀, nítorí iṣẹ́ ilé ìwòsàn kì í tán, ìwé lórí ìwé ni. Mo ní èmi ni. Ó wò mí láti òkè awò rẹ̀. Ó ní vediamo.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé bàbá mi ni mò ń ṣe é fún. Mo mú bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, mo wọ̀ ọ́, mo ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n. Màmá mi rí mi. Wọ́n ní kí ni mò ń ṣe, mo ní iṣẹ́ ni. Wọ́n ní tí mo bá ṣe tán, kí n pa iná.

Ìṣísẹ̀ méje ni mo fi sáàárín ilẹ̀kùn àti tábìlì. Mo ti rò ó: ní ìṣísẹ̀ kìíní, ilẹ̀kùn ṣí, ní ìkejì, signora gbọ́, ní ìkẹta, ó gbójú kúrò lára kọ́ńpútà, ní ìkẹrin, ó rí i pé àgbàlagbà ni, ìkarùn-ún àti ìkẹfà, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún un kó fi ronú, ní ìkeje, ó kí wọn. Mo yọ gíláàsì kúrò. Mo sọ tábìlì náà kalẹ̀, kí ẹni tó jókòó àti ẹni tó dúró má baà máa fi imú wo ara wọn. Mo pa ìlà yẹ́lò rẹ́. Nínú ìwé tí mo kọ sí ilé ìwòsàn, mo pè é ní ìfojúrinjú àti ìfọ̀kànbalẹ̀ aláìsàn. Kò síbì kankan tí mo kọ ọ́ sí pé kí ọmọdé kí àgbà.

Ọ̀gá mi rán mi lọ sí Padova kí n lọ wo ẹnu ọ̀nà ibi ìkàwé kan tí wọ́n ti gbé jáde nínú ìwé ìròyìn. Àga gbọọrọ aláwọ̀ ọsàn kan wà níbẹ̀, kò ní ẹ̀yìn, kò ní apá. Ìṣẹ́jú ogójì ni mo fi dúró, ẹnikẹ́ni kò jókòó. Obìnrin kan gbé báàgì rẹ̀ lé e, ó wá dúró ti báàgì. Torí náà, mo yan àga tó ní ẹ̀yìn, tó ní apá méjèèjì, tí ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin lè fọwọ́ tì dìde láìjẹ́ pé ẹnì kan fà á. Padova ni a kọ́kọ́ gbé kí a tó wá sí Torino. Nígbà tí mo padà dé, bàbá mi bi mí bóyá mo gba iwájú ilé wa àtijọ́ kọjá. Mo ní mo gba ibẹ̀, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Wàhálà tó kù ni pé mi ò mọ ọjọ́ orí signora náà. Tó bá ju bàbá mi lọ ńkọ́? Mo máa ń lọ wọn ilẹ̀ níbẹ̀, mo sì ń fọgbọ́n wádìí. Lọ́jọ́ kan ó fi kéèkì lọ̀ mí, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Bàbá mi fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ. Mo jẹ kéèkì náà tán, mo tún gba òmíràn.

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó máa ń fi mìndìn-mín-ìndìn sínú abọ́ kan fún àwọn ọmọdé, ó mọ aláìsàn tí ìyàwó rẹ̀ kú, ó mọ èyí tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Mo dọ́gbọ́n sọ fún un pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó wà nílé ló ń kọ́kọ́ kí àlejò, pàápàá tí àlejò bá dàgbà jù ú. Ó ní òun ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lórí àga yìí, ẹni tó bá ní ẹ̀kọ́ ilé, tó bá wọlé, á kí èèyàn. Ó ní àwọn kan wà tí wọ́n á dúró bí ère. Lójú tirẹ̀, bàbá mi ni kò ní ẹ̀kọ́ ilé.

Iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí obìnrin tó ń darí ilé ìwòsàn náà ní àwọn ti ra ẹ̀rọ kan. Totem ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń fún aláìsàn ní nọ́ńbà. Ó ga dé èjìká mi, ara rẹ̀ funfun, orí rẹ̀ jẹ́ gíláàsì dúdú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń sọ̀rọ̀. Níbo ni wọ́n fẹ́ gbé e sí? Orí ìṣísẹ̀ kẹrin mi, níbi tí signora ti yẹ kó rí i pé àgbàlagbà ló ń bọ̀.

Ìpàdé mẹ́ta ni mo fi jà. Mo ní ó máa dí ojú ọ̀nà. Obìnrin tó ń darí náà ní nǹkan ìgbàlódé ni. Mo ní aláìsàn ojú ni wọ́n, wọn kò ní rí lẹ́tà kéékèèké tó wà lórí rẹ̀. Ó ní ìdí nìyẹn tí ó fi ń sọ̀rọ̀. Mo yíjú sí ọ̀gá mi, ó ní vediamo. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ́fíìsì, mo sunkún, mo fọ ojú mi, mo jáde, mo ya ẹ̀rọ náà sínú àwòrán. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni signora ń rí láti orí àga rẹ̀. Òun náà bínú. Ó ní tí èyí bá ti ń kí wọn, kí ni òun wá wà fún. Ẹnu wa wá kò.

Wọ́n ti sún àyẹ̀wò síwájú nítorí iṣẹ́ náà, ọjọ́ tó tẹ̀ lé e wá pé. Bí bàbá mi kò bá lọ lọ́jọ́ yìí, orúkọ wọn ti kúrò nìyẹn, ojú wọn á sì máa lọ nínú ilé, níṣojú wa. Mi ò dárúkọ ilé ìwòsàn. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi." Wọ́n dìde, wọ́n lọ dé fìlà funfun tí wọ́n fi ń lọ kí Jímọ́ọ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀. Mo wà lẹ́yìn wọn, mò ń kà. Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta. Iná tàn lára ẹ̀rọ náà, ohùn ọmọbìnrin kan jáde: "Buongiorno e benvenuto. Si accomodi." Ẹ káàárọ̀, ẹ káàbọ̀, ẹ wá jókòó.

Bàbá mi dúró. Wọ́n tún fìlà wọn ṣe.

"Buongiorno, figlia mia," wọ́n ní. "La mamma sta bene?"

Wọ́n pè é ní ọmọ wọn, wọ́n ń bèèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ti nọ́ńbà síta. Mo sáré mú un, ẹ̀rín sì fẹ́ pa mí, nítorí bàbá mi máa ń ṣe àpárá láìrẹ́rìn-ín. Wọ́n kọjá lára rẹ̀, wọ́n lọ jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga mi. Wọ́n fọwọ́ pa apá àga náà lọ́tùn-ún, wọ́n fọwọ́ pa á lósì. Wọ́n ní àga yìí dáa. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, òun ni ìyìn àkọ́kọ́ tí mo gbà lẹ́nu wọn. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ọwọ́ mi sí.

"Ọmọbìnrin yẹn gbẹ̀kọ́," wọ́n ní. "Ó kí mi kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ kò fún un ní àga? Ẹ̀yin tí ẹ ń to àga, ẹ wá fi ọmọ ọlọ́mọ sórí ìdúró láti àárọ̀."

Mo wo ojú wọn bóyá àpárá ni. Wọ́n ń wo ẹ̀rọ náà, àánú rẹ̀ sì ń ṣe wọ́n. Ibi tí a jókòó sí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí i. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn wà lára rẹ̀ dáadáa. Ara funfun, orí dúdú: ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ aṣọ funfun, tí irun rẹ̀ dúdú, ni bàbá mi ń rí. Ojú òsì nìkan, wàhálà díẹ̀. Ẹ̀rù bà mí bí ẹ̀rù kò ṣe bà mí rí láyé mi.

"A máa fún un ní àga, Bàbá," mo ní.

Tí mo bá sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ni, wọ́n máa dìde. Mo mọ̀ wọ́n. Ni àwọn ilé ìwòsàn bá pe nọ́ńbà wa. Mo kọ́kọ́ wọlé bá dókítà, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un ní kíákíá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó yẹ ojú méjèèjì wò, ó pẹ́ lórí ti ọ̀tún, ó ní ìyókù kéré ju bí a ti rò lọ, ṣùgbọ́n ìyókù wà. Ó fi oògùn mìíràn kún un. Ó ní tí wọ́n bá ń wá, ó ṣeé ṣe kó dúró síbi tó wà.

Láti ìgbà náà, bàbá mi kò pa oṣù kan jẹ. Àwọn fúnra wọn ló ń wọ tíráàmù lọ, wọ́n ní ọmọ yẹn mọ àwọn. Ẹ̀rọ á kí wọn, wọ́n á bèèrè ìyá rẹ̀, wọ́n á gba nọ́ńbà, wọ́n á jókòó.

Lẹ́yìn Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, mo wà ní ìsinmi, mo bá wọn lọ. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n yọ páálí dàbínù kan nínú àpò wọn. Wọ́n ní ti ọmọ yẹn ni. Ìṣísẹ̀ kìíní, ìkejì, ìkẹta. Iná tàn, ẹ̀rọ sọ gbólóhùn rẹ̀. Bàbá mi bèèrè ìyá rẹ̀, wọ́n na dàbínù sí i, wọ́n dúró. Àwọn tó jókòó ń wò. Ojú ń gbà mí tì, mo na ọwọ́ kí n gbà á.

Signora ti dìde lórí àga rẹ̀. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un rí, ṣùgbọ́n láti oṣù mélòó kan wá ló ti ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Ó yí tábìlì ká, ó wá dúró ti ẹ̀rọ náà tímọ́tímọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba dàbínù, ó tẹ orí ba.

"Buongiorno, signore," ó ní. "Grazie. La mamma sta bene."

Ó dúpẹ́ ni, bàbá mi sì mi orí sí i. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn pé ara ìyá rẹ̀ le. A lọ jókòó, signora padà sẹ́yìn tábìlì, kò wo ọ̀dọ̀ mi, èmi náà kò sì lè wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, bàbá mi fẹnu sí mi létí.

"Ohùn rẹ̀ yàtọ̀ lónìí. Òtútù ẹnu ọ̀nà yẹn ti mú un. Lọ bá mi sọ fún un kó máa wọ nǹkan tó nípọn."

Mo dìde, mo lọ sọ ọ́ fún signora gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ó ní òun máa mú súwẹ́tà wá.